Góòlù Tí Kò Wọlé Náà Yẹ Ní Kíkà

Láti Òjòkú dé Ìrá kò jìnnà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni ìlú méjèèjì wà. Ìrá ni ìlú àwọn òbí Rashidi Yekini, agbábọ́ọ̀lù iwájú, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2012. Góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà. Òun ló gbá èyí tí orílẹ̀-èdè yìí kọ́kọ́ ní nínú Ife Àgbáyé, ní Dallas, lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994. Ta ni yóò wá bá ọmọ tó dàgbà sí agbègbè yẹn wí pé iwájú ló fẹ́ gbá?

Ohun tó yẹ ní bíbáwí ni ọwọ́ tí àwọn àgbà fi mú ẹ̀yìn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín ẹgbẹ́ lórí pápá iléèwé. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù fi jó a mú iwájú, ẹni tó lẹ́mìí a mú àárín, èyí tí kò mọ ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n á ní kó lọ dúró lẹ́yìn. "Ìwọ ṣáà máa gbá a jáde." Gbogbo ẹ̀kọ́ tó máa rí gbà kò ju ìyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ni ẹ̀yìn gbígbá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í sáré kọlu alátakò. Á fi ẹ̀gbẹ́ dúró, á tẹ orúnkún díẹ̀, á tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù dípò ẹsẹ̀ tó ń jó lórí rẹ̀, á sì máa fọgbọ́n darí onítọ̀hún lọ sí etí ìlà, síhà ẹsẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lò. Bó bá ṣe é dáadáa, òǹwòran kò níí rí nǹkan kan. Bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà ló rí: ilẹ̀ mọ́, olè kò wọlé, kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́.

Àmọ́ ọjọ́ tó bá ṣèèṣì, gbogbo ayé ló máa gbọ́. Lọ́jọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1977, ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, Godwin Odiye fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó sì kọjá aṣọ́lé Emmanuel Okala sínú àwọ̀n Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Tùnísíà borí pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo yẹn, Nàìjíríà kò sì lọ sí Ife Àgbáyé ti 1978 ní Ajẹntínà. Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Odiye, góòlù yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé e. Bákan náà ló rí nígbà tí Nàìjíríà pàdé Ítálì nínú Ife Àgbáyé 1994. Emmanuel Amuneke gbá góòlù fún Nàìjíríà ní ìṣẹ́jú 25, àwọn ará ẹ̀yìn sì dí Ítálì lọ́nà fún ohun tó lé ní wákàtí kan, kí Roberto Baggio tó dá a padà ní ìṣẹ́jú 88, tó sì tún fi pẹnáritì parí ọ̀rọ̀ nínú àsìkò àfikún. Baggio nìkan làwọn èèyàn ń ròyìn. Ta ló ń ròyìn wákàtí tó ṣáájú rẹ̀?

Tí wọ́n bá fẹ́ ka góòlù tí kò wọlé, ó ṣeé kà. Ní sáà 2020 sí 2021, Rangers ti Glasgow gbá ìdíje líìgì 38 láìfìdí-rẹmi, góòlù 13 péré ló sì wọ àwọ̀n wọn. Leon Balogun, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí wọ́n sì bí i ní Berlin, àti Calvin Bassey wà lára àwọn tó gbá ẹ̀yìn fún wọn. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tó wáyé ní Kódìfuà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, góòlù kan ṣoṣo ló wọ àwọ̀n Nàìjíríà nínú ìdíje márùn-ún àkọ́kọ́. Wọ́n pàdánù ife náà lọ́jọ́ àṣekágbá, síbẹ̀ William Troost-Ekong, tó ń gbá ẹ̀yìn, ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Láti ìgbà tí Bwanga Tshimen ti Zaire ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 1973, kò sí ará ẹ̀yìn mìíràn tó rí i gbà títí Achraf Hakimi fi gbà á ní 2025.

Ọ̀rọ̀ àmì ẹ̀yẹ ṣì kéré. Ara ni wọ́n fi ń san iṣẹ́ yìí. Ní 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Glasgow tí Willie Stewart ṣíwájú wọn yẹ ìtàn ìlera àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ilẹ̀ Scotland wò. Wọ́n rí i pé ewu àrùn tó ń jẹ ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún lára àwọn tó gbá ẹ̀yìn, bí wọ́n bá fi wọ́n wé ẹni tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Ti aṣọ́lé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ará ìlú. Ta ló ń fi orí kan bọ́ọ̀lù jù lórí pápá, bí kò ṣe ẹni tó dúró lẹ́yìn?

Yisa Sofoluwe gbá ẹ̀yìn fún Nàìjíríà nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà 1984 àti 1988, tí Kamẹrúùnù gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. "Dean of Defence" ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń pè é. Nígbà tí àìsàn ọpọlọ dá a wó, àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ló ń bẹ aráyé kí wọ́n dá owó ìtọ́jú. Ó kú ní ilé ìwòsàn LUTH, l'Ékòó, lọ́jọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 53. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé bọ́ọ̀lù ló fa àìsàn yẹn, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó báyìí máa retí owó àánú lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó burú jáì.

Àwọn kan á ní góòlù ló ń pe èrò wá, èrò ló sì ń mú owó wá. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó gbá góòlù méjì tí mẹ́ta wọlé rẹ̀ kò rí ife gbé, owó tí ẹgbẹ́ sì pàdánù nípa bẹ́ẹ̀ ni ará ẹ̀yìn ń gbà là fún wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí àdéhùn iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù iwájú bá ní owó góòlù nínú, ó tọ́ kí ti ará ẹ̀yìn ní owó ọjọ́ tí góòlù kò wọlé, kí ìwé ìbánigbófò fún ìtọ́jú rẹ̀ sì wà ní fífọwọ́sí kó tó wọ jáásì. Láti 2020 ni àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí wọ́n má ṣe máa fi orí-kíkàn dá àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ìlànà yẹn kò ná kọ́bọ̀, kóòṣì tó wà ní Òjòkú tàbí ní Ọ̀fà lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́la láìdúró de Abuja. Kó fi àsìkò yẹn kọ́ ọmọ tó dúró lẹ́yìn ní bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ dúró.