Àbàwọ́n Ojú Dígí

Ní ìparí ọyẹ́ tí ó kọjá, a ṣí àpótí kan tí ó ti pẹ́ nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Awò-ìràwọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní télescope. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan tí ó ń gbé ní òkè òkun ni ó fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. A fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì Première fi wo Júpítà àti àwọn òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí ní ọdún 1610. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tan iná sínú ọ̀pá awò náà, ojú tì wá. Eruku ti bo dígí tí ó wà ní ìdí rẹ̀, ọmọńlé ti yàgbẹ́ sí i, àmì rogodo mẹ́ta sì wà lójú rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀kán omi gbẹ sí ara aṣọ.

A tú ìdí ọ̀pá náà, a gbé dígí sórí tábìlì. A kò tíì yíjú padà tán tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì náà fi fa aṣọ ìnujú rẹ̀ yọ, tí ó sì nu dígí náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tinútinú. Eruku lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà tín-ín-rín kan tí ó gùn bí ìka ọwọ́ dúró síbi tí aṣọ gbà kọjá. A bá a wí kíkankíkan lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kò wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹlẹgbẹ́ wa kan ní kí a da awò náà nù, kí a kọ ìwé tọrọ òmíràn. Àwọn àgbà ti ní aṣọ àlà àti àbàwọ́n kì í ṣe ọ̀rẹ́, àwa náà sì rò pé bí ọ̀rọ̀ dígí ti rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ dígí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan bá dé, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo lójú dígí ni ó bà lé. Gbogbo ojú dígí ni ó kún. Dígí náà tẹ̀ kòtò díẹ̀ bí inú àwo pẹrẹsẹ, ìtẹ̀ yìí ni ó sì ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan. Nítorí náà, ègé kọ̀ọ̀kan nínú dígí ni ó ń ya àwòrán òṣùpá lódindi. Bí ègé kan bá fọ́jú, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ wo àwọn tí ń gbe orin lẹ́yìn ẹni tí ó ń dá a: bí ohùn ẹnì kan bá há nínú ogún ènìyàn, orin kò já, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí ó sọnù nínú rẹ̀, ó kàn rọlẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́, kí ó fi páálí bo ìdajì ẹnu ọ̀pá awò, kí ó sì wo òṣùpá. Odindi òṣùpá ni yóò rí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò dín kù. Awẹ́ dígí kékeré tí a ń fi ojú sí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ibi tí àwòrán ti ń péjọ ni ó wà, eruku tí ó bá bà lé e yóò sì hàn kedere.

Àwa olùkọ́ ìṣirò àti físíìkì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ kí a tó bínú. Dígí wa fẹ̀ ní mìlímítà 114. Èyí tí ó tóbi jù nínú àmì mẹ́ta náà fẹ̀ ní mìlímítà 5. Bí a bá fi 114 pín 5, tí a sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, ohun tí àmì náà gbà kò ju bí 2 nínú 1000 lọ. Ìlà tí aṣọ ìnujú fà kò tó 1 nínú 1000. Nísinsin yìí, ẹ wo dígí kékeré tí ó dúró ní àárín ẹnu ọ̀pá, èyí tí ó ń darí àwòrán sí ẹ̀gbẹ́. Ó fẹ̀ ní mìlímítà 30, ó sì ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ó tó 7 nínú 100. Ẹni tí ó ṣe awò náà ni ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bá a wí.

Àwọn tí ó lo irú awò yìí ṣáájú wa kò mọ dígí tí kò ní àbàwọ́n. Nígbà tí Newton ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1668, bàbà àti tánganran tí a yọ́ pọ̀ ni ó fi ṣe dígí, irin bẹ́ẹ̀ sì máa ń ṣú kíákíá. Ìgbàkígbà tí ó bá ṣú, a ní láti dán an, dídán yìí sì lè ba ìtẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Herschel, ẹni tí ó rí Uranus ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà 1781, ní dígí méjì fún awò ńlá rẹ̀ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń dán ìkejì. Léon Foucault, tí ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní lísè mọ̀ nítorí ohun tí ó so rọ̀ sínú Panthéon ní Paris ní ọdún 1851 láti fi hàn pé ayé ń yí, ni ó wà lára àwọn tí ó gbà wá lọ́wọ́ ìyọnu náà. Ní ọdún 1857, ó fi gíláàsì ṣe dígí, ó sì fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Bí fàdákà bá ṣú, a ó fọ̀ ọ́ kúrò, a ó tún òmíràn kùn, ìtẹ̀ gíláàsì kò sì ní yí padà. Láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940 ni alumíníọ̀mù ti gba ipò fàdákà.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1970, ní ilé-ìwòràwọ̀ McDonald ní Texas, òṣìṣẹ́ kan fi ìbọn kékeré yin dígí ńlá wọn léraléra. Dígí náà fẹ̀ ní mítà 2.7. Ìbọn dá ihò sí i lára, ṣùgbọ́n kò fọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n pàdánù tó nǹkan bí 1 nínú 100, wọ́n sì ń lo dígí náà lọ. Ẹ wá fi èyí wé Hubble, tí wọ́n gbé lọ sí òfurufú ní oṣù Igbe 1990. Dígí tirẹ̀ mọ́ gaara, a dán an dáadáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta irun orí tẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Gbogbo àwòrán rẹ̀ ṣú bàìbàì títí di oṣù Ọ̀pẹ 1993, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú lọ tún un ṣe. Ìtẹ̀ ni ẹ̀mí dígí.

Èyí kò wá ní kí a fi eruku sílẹ̀. Eruku máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, ojú ọ̀run dúdú á wá dàbí ẹni pé èéfín bò ó. Ọyẹ́ tí ń fẹ́ bá wa ní Atakpamé ń gbé eruku láti Sàhárà, àní láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, iyanrìn kíkúnná sì wà nínú rẹ̀ tí ó le ju alumíníọ̀mù lọ. Alumíníọ̀mù ojú dígí fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá to ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ lé ara wọn, wọn yóò nípọn tó irun orí kan. Ìdí nìyẹn tí aṣọ gbígbẹ fi jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń fọ idẹ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọn yóò jẹ alumíníọ̀mù kúrò pátápátá.

Báyìí ni a ṣe fọ tiwa. A bọ́ òrùka kúrò lọ́wọ́. A fi rọ́bà afẹ́fẹ́ tí a fi ń fọ etí ọmọ fẹ́ eruku kúrò. A kò fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. A gbé dígí sínú abọ́ tí a tẹ́ aṣọ sí nísàlẹ̀, a sì jẹ́ kí omi rọra ṣàn lé e fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a kán ọṣẹ olómi méjì tàbí mẹ́ta sí, a fi í sílẹ̀ kí ìgbẹ́ ọmọńlé lè rọ̀. A wá mú òwú ilé ìwòsàn tí ó rin dáadáa, a fà á lójú dígí láìtẹ̀ ẹ́ rárá, kí ìwúwo òwú nìkan ṣe iṣẹ́ náà. Fífà kan ṣoṣo ni òwú kan wà fún, a ó sì sọ ọ́ nù. A fi omi ṣàn án, a sì fi omi bátìrì ọkọ̀ parí rẹ̀, nítorí omi lásán máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ bí ó bá gbẹ. Ẹ kíyè sára: àwọn tí ń ta omi bátìrì sábà máa ń ta ásíìdì rẹ̀ pẹ̀lú, ìgò méjèèjì sì jọra. Ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára. A gbé dígí dúró ní ìdúró títí ó fi gbẹ. Bí a ti dá a padà sínú ọ̀pá, a yí síkúrù mẹ́ta ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọn dígí méjèèjì fi dojú kọ ara wọn bí ó ti yẹ.

Ìgbẹ́ ọmọńlé lọ. Méjì nínú àmì rogodo náà lọ. Ìkẹta dúró, nítorí ọ̀rinrin òjò ti jẹ alumíníọ̀mù níbẹ̀. A fi í sílẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ dé ìdajì dígí lọ́jọ́ kan, a ó nílò ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ tán nínú ìkòkò irin láti tún un kùn. Fún dígí kékeré bí èyí, owó ìfiránṣẹ́ nìkan lè ra tuntun. Ní báyìí, a fi ọ̀rá dé ẹnu ọ̀pá, a sì ti gbé e kúrò nítòsí ògiri tí omi ń jò sí. Ọdún kan sí ìkejì ni a kò ní fọ̀ ọ́ mọ́.

A ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn kan náà tí a ti bá a wí lójú wọn. Kò rọrùn fún olùkọ́ tí ó ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn òbí wọn rí i bí ọ̀sán ti di òru ní Atakpamé ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn pátápátá. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì dáyé nígbà náà. A kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ awò yìí sí oòrùn láéláé, ojú kì í là á já. Lẹ́yìn náà ni a kọ ọ́ sí àgùàlà, èyí tí àwọn kan ń pè ní ajá òṣùpá, a sì ní kí òun kọ́kọ́ wò ó.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní: «Monsieur, ẹ jọ̀ọ́, kò yí po. Ó dàbí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ṣé ibi tí mo ha ni kò jẹ́ kí ó pé?» A kò tíì dá a lóhùn tí ó fi mú páálí lórí tábìlì, ó fi bo ìdajì ẹnu ọ̀pá, ó sì tún fi ojú sí i. Lẹ́yìn náà ó yí páálí sí apá kejì. Àgùàlà ṣì rí bí oṣù tuntun ní ìgbà méjèèjì. Ó bèèrè ibi tí oòrùn wà ní àkókò náà.