Ohun tó ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tuntun ní yunifásítì: Ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé

Kò sí ọdún tí àwọn yunifásítì wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí pé, 'Ọmọ mi ti wọlé o, kọ̀ǹpútà ló fẹ́ẹ́ lọ kọ́.' Ìdùnnú ńlá ni. Bàbá mìíràn ti ta ilẹ̀, ìyá mìíràn ti kó àjọ rẹ̀ kí owó ilé-ẹ̀kọ́ lè pé. Ohun tó sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn ni pé láìpẹ́, ọmọ yóò máa jókòó sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀ lálẹ́, owó ilẹ̀ òkèèrè yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ṣùgbọ́n kí sáà àkọ́kọ́ tó dé ìdajì, ọ̀rọ̀ a máa yí padà. Ọmọ á pe ilé, á ní òun kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan ní ilé-ẹ̀kọ́, pé ìṣirò àti físíìsì ni wọ́n ń kọ́ àwọn. Ìyá á yà sí i, á ní, 'Ṣé wọn kò ti tan ọmọ mi jẹ báyìí?'

Ìdáhùn ìbéèrè yìí pín sí ọ̀nà méjì, ó sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ ọmọ náà kì í ṣe ẹ̀tàn rárá, òun gan-an ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tó fẹ́ẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò rí fọwọ́ kàn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí lè sá fún ohun tí yóò gbè é, kó sì dákẹ́ lórí ohun tí yóò pa á lára.

Ohun tó wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, lásìkò ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari, ni wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC, tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, gbé kalẹ̀. CCMAS ni wọ́n ń pè é. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024 ni àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nínú ètò yìí, àjọ NUC ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ìdá 30 tó kù, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni yóò pinnu ohun tí yóò fi kún un.

Ètò yìí tún ya ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kúrò lára àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì yòókù, ó sì fún un ní ẹ̀ka tirẹ̀. Computer Science, Software Engineering, Cybersecurity, Data Science àti Information Systems wà lára àwọn tó bọ́ sábẹ́ ẹ̀ka náà. Ti Computer Engineering yàtọ̀: àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ni ín, ọdún márùn-ún sì ni wọ́n ń fi kọ́ ọ, nígbà tí Computer Science jẹ́ ọdún mẹ́rin fún ẹni tó bá gba ọ̀nà ìdánwò JAMB wọlé. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọmọ ṣe ni kó ka ìwé ìgbaniwọlé rẹ̀ dáadáa, kó mọ èyí tí wọ́n fún un gan-an. Kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní 'kọ̀ǹpútà' ló jẹ́ ọ̀kan náà.

Tí ẹ bá wo iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ nínú ètò náà, ẹ ó rí COS 101, tó jẹ́ ìfáàrà sí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àti COS 102, tó dá lórí bí a ti ń wá ojútùú sí ìṣòro ní ìgbésẹ̀-ní-ìgbésẹ̀. Àwọn tó yí wọn ká ni MTH 101 àti MTH 102, ìyẹn ìṣirò. PHY 101 àti PHY 102, ìyẹn físíìsì. STA 111, ìmọ̀ ìṣirò oníṣirò-ọ̀rínkinniwín. Àti GST 111, lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kejì ni kíkọ pírógírámù gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, pẹ̀lú COS 201. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè lo odidi ọdún kan, kó máa rò pé àwọn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìṣirò?

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tó wà nílé ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé odù Ifá jẹ́ 256. Báwo ni wọ́n ṣe dé iye yẹn? Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Tí babaláwo bá dà á sílẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, ọ̀nà méjì péré ni. Ẹ sọ méjì di ìlọ́po méjì léraléra títí tí yóò fi kan ojú kẹjọ: 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256. Ó pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú ohun gbogbo sínú. Ojú mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo tàbí ení, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní byte, oríṣi 256 náà ló sì lè jẹ́. A kò sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà o. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí kò bá lè ro irú ìṣirò yìí já kò lè mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, yóò kàn máa tẹ̀ ẹ́ lásán ni.

Ẹ tún wo àpẹẹrẹ mìíràn. Ká ní ìwé kan wà tí a to orúkọ ẹgbẹ̀rún kan èèyàn sí lẹ́sẹẹsẹ a-bí-dí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, tó ń wo orúkọ kọ̀ọ̀kan, lè wò ó tó ìgbà ẹgbẹ̀rún kó tó rí èyí tó ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ìwé náà láàrin, tó mọ apá ibi tí orúkọ náà wà, tó pa apá kejì tì, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdajì tó kù, kò ní í wò ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Tí orúkọ inú ìwé náà bá di mílíọ̀nù kan, ogún ìgbà péré ló máa tó o. Ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì lè máa lò o. Ìṣirò ló mú kí ti ẹnì kejì yá. Irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń fi MTH 101 pa ilẹ̀ rẹ̀ mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ yóò padà bá a pàdé ní ọdún kejì àti ìkẹta.

Wákàtí 45 dà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́ nìyí. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí NUC gbé jáde, COS 101 ní wákàtí 30 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní wákàtí 45 fún iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ìyẹn ni pé àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó lò nídìí ẹ̀rọ ju èyí tí yóò fi gbọ́rọ̀ lẹ́nu olùkọ́ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń rí wákàtí 45 yìí gbà?

Ohun tó ń fà á kò pamọ́. Èrò ń pọ̀ sí i nínú kíláàsì, yàrá ẹ̀rọ kò pọ̀ tó wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n fi owó kún iye tí àwọn tó wà ní Band A ń san fún iná mànàmáná, àwọn yunifásítì tó wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé owó iná tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Látìgbà tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń fi dọ́là rà wọlé ti gbówó lórí kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí. Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ NELFUND ní ọdún 2024 ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìjẹun lóṣooṣù, ṣùgbọ́n owó ìjẹun kò lè ra láptọ́ọ̀pù.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ pírógírámù lójú pátákó, wọ́n sì ń fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Kíkọ ọ́ sórí ìwé ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí ọmọ fi orí rò ó. Ṣùgbọ́n ìwé kì í sọ fún ni pé àṣìṣe wà ní ìlà kẹta. Ẹ̀rọ nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀, níbi àtúnṣe àṣìṣe yẹn ni ẹ̀kọ́ sì wà. Ẹni tó bá kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí ìwé nìkan, ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín fún un.

Nítorí náà, ó tọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ọwọ́ aṣojú kíláàsì wọn, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni iṣẹ́ àfọwọ́ṣe wa?' Kì í ṣe ìwà àfojúdi. Ohun tó wà nínú ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ni. Ó sì tọ́ kí àwọn òbí náà bá wọn béèrè.

Ṣé kí ọmọ kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ níta?

Àwọn kan ń sọ pé yunifásítì kò wúlò mọ́. Wọ́n ní ètò 3MTT tí ilé iṣẹ́ mínísítà Bosun Tijani bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, àti àwọn ilé ìkọ́ṣẹ́ tó kún ìgboro, ń kọ́ni níṣẹ́ láàrin oṣù díẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọdún tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fi jẹ kò ṣe é gbàgbé: ó lé ní oṣù mẹ́sàn-án ní ọdún 2020, ó sì tó oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022, láti 14 oṣù Kejì sí 14 oṣù Kẹwàá.

Síbẹ̀, ohun tí ẹni méjèèjì ń tà yàtọ̀. Ilé ìkọ́ṣẹ́ ń kọ́ni ní irinṣẹ́ tó wà lóde lónìí. Yunifásítì ló yẹ kó kọ́ni ní ohun tí yóò ṣì wúlò nígbà tí irinṣẹ́ bá yí padà. Ẹ wo bí nǹkan ti rí látìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022: ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn kọ pírógírámù báyìí. Ẹni tó mọ títẹ̀ nìkan ni ìyẹn ń lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó lè wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, kó mọ ibi tó ti ṣìnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ fún un ṣe ń tan ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní í bá a wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ọmọ dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kó gbájú mọ́ ìṣirò rẹ̀ láti sáà àkọ́kọ́, nítorí máàkì ọdún àkọ́kọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ipò tí yóò gbà jáde, ẹni tó bá sì fẹ́ ipò kìn-ín-ní kò gbọdọ̀ kéré sí 4.50 nínú 5. Kó kúkú ra láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dípò fóònù tuntun. Tí kò bá sí, kí ọmọ mẹ́ta dáwó jọ ra ẹyọ kan, kí wọ́n pín ọjọ́ rẹ̀. Kó mú èdè pírógírámù kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ Python tàbí C, kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan kékeré lójoojúmọ́. Tí àkókò ètò SIWES bá sì tó, ìyẹn ètò tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, kó wá ibi tí wọn yóò ti gbé iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ibi tí wọn yóò ti máa rán an lọ ra oúnjẹ.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá pè yín, tó ní ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ òun, ẹ má bá a sunkún, ẹ ní kó tẹra mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tó bá pè yín lópin sáà, tó ní òun kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹ má dákẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, tí kò rí búlọ́ọ̀kù tò lé e, kò tíì ní ilé.