Ìbejì Fẹ́ẹ́ Wọnú Ayò Ọba, Ta Ni Yóò Ṣòfin?

Ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ nídìí ayò, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ti ẹni tó gbọ́n jura lọ. Ti òfin ni. Bí ọ̀pẹ bá ti rí i pé ọ̀ta fẹ́ẹ́ pa òun láyò, kíá láá ní, "Bá a ṣe ń ta á ládùúgbò wa kọ́ nìyí o!" Wàhálà dé nìyẹn.

Ayò chess, ìyẹn ayò ọba, náà ò yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé látọ̀run lòfin ẹ̀ ti wá ń tan ara ẹ̀ ni. Ìgbà kan wà tí ayaba inú ẹ̀ ò lè rìn ju ilé kan ṣoṣo lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1500 ni wọ́n fún un lágbára ní Yúróòpù, ló bá dọ̀gá lórí pátákó. Capablanca, ọmọ Kúbà tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 1921, sọ pé àwọn ọ̀ta ti mọ ayò náà jù, ọ̀mì ni wọn yóò máa ta ṣáá. Ló bá fi ọmọ ayò tuntun méjì kún un: ọ̀kan ń rìn bíi bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin, èkejì bí ilé ìṣọ́ àti ẹṣin. Ṣùgbọ́n àyè ò sí, ló bá sọ ilé 8 tó wà níbùú di 10. Lọ́dún 2007, Seirawan àti Harper ò fẹ pátákó ní tiwọn. Wọ́n ní kí ọmọ ayò tuntun dúró níta. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ ṣí nílé ẹ̀, kí tuntun wọlé síbẹ̀.

Ó dáa, bí ọmọ Igbó-Ọrà bá fẹ́ẹ́ fi ìbejì kún un ńkọ́? Ìlú ìbejì kúkú ni. Àmọ́ kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta ná. Ta ni yóò kọ́kọ́ rìn? Yorùbá ti dáhùn ìyẹn: Táyé ní í lọ tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n á tẹ̀ lé e. Ṣé lẹ́ẹ̀kan náà ni wọn yóò rìn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni wọ́n ń ta ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí ẹnìkejì ń ta ẹ̀ẹ̀kan. Àfi kí ìrìn wọn kúrú, ilé kan péré.

Ìkẹta ló le: bí wọ́n bá pa ọ̀kan ńkọ́? Nílẹ̀ wa, ère ni wọ́n ń gbẹ́. Ère ọ̀hún ò lè jókòó síbi tí wọ́n ti pa á, torí ẹni tó pa á ló wà níbẹ̀. Kó padà sílé tó ti bẹ̀rẹ̀, bíbẹ̀ bá ṣófo, kó má sì rìn mọ́. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n ère tẹ́nikẹ́ni ò lè pa, odi ló máa dà fún ọba tó ń sá pamọ́. Ayò ò ní í parí mọ́!

Ìdí nìyẹn tí òfin fi ń fẹ́ ìdánwò. Ẹ ta á nígbà ogún, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìjókòó. Àwọn baba wa tó ní bí ilé ẹnìkejì bá gbẹ nídìí ayò ọlọ́pọ́n, kí ẹ fún un lọ́mọ jẹ, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ebi lásán ò gbọdọ̀ parí ayò.

Ẹni tó ń ṣòfin kó rántí pé òun náà yóò jókòó sí ìhà kejì lọ́la. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, òfin ni. Èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ń pa wọ́n lọ, màgòmágó ni. Ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ sídìí ayò nìkan o.