BÁTÌRÌ TỌ́Ọ̀ṢÌ NÍNÚ ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ

Ẹ̀yin ará wa lókè Ọya, púpọ̀ nínú wa ni ó ń wọ ọkọ̀ òfurufú relé láti Abuja báyìí, tòun ti tọ́ọ̀ṣì alágbára nínú ẹrù. Ó tọ́ kí a rán ara wa létí.

Bátìrì lithium tí kò sí nínú tọ́ọ̀ṣì, àpò ọwọ́ ni òfin ní kí ó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí a ń kó sí ikùn ọkọ̀. Bí ó bá gbiná lọ́dọ̀ èrò, a ó tètè rí i pa. Bí ó bá gbiná ní ikùn ọkọ̀, ta ni yóò dé ibẹ̀? Ní ọjọ́ 3 oṣù September, ọdún 2010, iná ṣẹ́ láàrin ẹrù tí irú bátìrì yìí wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù UPS tí ó gbéra ní Dubai. Ọkọ̀ náà já, awakọ̀ méjèèjì sì kú. Ẹ fi téèpù bo orí bátìrì kọ̀ọ̀kan, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́ má bàa kàn án.

Bí bátìrì bá ń mì nínú tọ́ọ̀ṣì, iná rẹ̀ yóò máa kú lójijì. Bébà lásán ni kí ẹ fi wé ìhà rẹ̀, kí ẹ sì fi orí àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi bébà dídán inú páálí sìgá dí i, nítorí irin ni, ó lè dá iná sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá kà á, kí ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀.