Ẹ̀sùn Lórí Ìwé Tí A Ti Sanwó Rẹ̀ Tẹ́lẹ̀

Àwọn tí ẹjọ́ yìí kàn kò jìnnà síra wọn. NUC, àjọ tó ń ṣàkóso gbogbo yunifásítì, wà ní Maitama ní Àbújá. TETFund tó ń pín owó fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, Maitama náà ni. NOUN, yunifásítì tí èèyàn lè jókòó sílé kà jáde, wà ní Jabi. Bí ọkọ̀ kò bá há ní Berger, èèyàn á kan ilẹ̀kùn gbogbo wọn tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Síbẹ̀, níhìn-ín ní Àbújá àti káàkiri Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń fi owó oúnjẹ ra ìwé tí ìjọba ti sanwó fún kíkọ irú rẹ̀. Ohun tó gbé wa dé kóòtù nìyẹn.

Ẹ̀sùn kìíní: pé ẹ̀yin olùkọ́ kan so máàkì mọ́ ìwé.

A kò ní kí olùkọ́ má kọ̀wé. Ẹni tó kọ̀wé, tó gbé e sí ilé ìtàwé kí ẹni tó bá wù rà á, Ọlọ́run á bù sí i. Ìwé tí a ń sọ ni èyí tí ojú ewé kan wà lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, tí wọ́n tẹ "assignment" sí lórí, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, tí òǹtẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ojú ewé yẹn gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ máa fà ya, tí á kọ orúkọ àti nọ́ńbà matric rẹ̀ sí, tí á fi sílẹ̀ fún máàkì. Fọ́tòkọ́pì kò ṣiṣẹ́. Ìwé ẹ̀gbọ́n tó ṣe kọ́ọ̀sì náà léṣìí kò ṣiṣẹ́, nítorí òun náà ti fa tirẹ̀ ya. Ojú ewé yìí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kí ìwé náà má ṣeé yá, kó má ṣeé jogún, kó má sì ṣeé tún tà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àkọsílẹ̀. Course rep á mú bébà lọ́wọ́, á máa kọ orúkọ ẹni tó ti san, bébà náà á sì ti dé orí tábìlì olùkọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ẹni tí kò rà á máa gba F. Ta ló tún nílò pé kí wọ́n sọ ọ́?

Abala 19 nínú òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, ti ọdún 2000 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fi ipò rẹ̀ wá àǹfààní tí kò tọ́ fún ara rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ló tọ́ sí i. Àwọn lọ́yà lè máa jà sí i bóyá ojú ewé kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó tó.

Ẹ̀sùn kejì: pé NUC sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀kan, ó sì fi ìwé sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè tà á.

Èyí ló wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní December 2022 ni wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS. Ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, NUC ló là á sílẹ̀. Ìdá ọgbọ̀n tó kù ni yunifásítì fúnra rẹ̀ máa fi kún un. Láti 2023 ni àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nínú ètò yìí, àwọn kọ́ọ̀sì kan wà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní GST: GST 111 jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì, GST 112 sì jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà. Ọmọ tó ń ka ìmọ̀ òfin nílùú Ìbàdàn, ọmọ tó ń ka físíìsì ní Sókótó, ọmọ tó ń ka ìmọ̀ ìṣirò owó ní Gwagwalada, dandan ni fún gbogbo wọn, ohun kan náà ni wọ́n sì ń kọ́. Bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀kan láti ibi dé ibẹ̀, kí ló dé tí ìwé rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní òǹkọ̀wé tirẹ̀, iye tirẹ̀ àti àpótí owó tirẹ̀ ní ọgbà kọ̀ọ̀kan?

Ká tiẹ̀ ní kò sí ìwé tó ṣeé lò, ẹjọ́ á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ó wà. NOUN tí ìjọba Shagari dá sílẹ̀ ní 1983, tí àwọn ológun tì pa lọ́dún kejì, tí Ọbásanjọ́ tún ṣí ní 2002, ti kọ ìwé fún àwọn kọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ gbé jáde bí OER, ìyẹn ìwé ọ̀fẹ́ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO, ó fún un ní àṣẹ tó gba ilé ẹ̀kọ́ mìíràn láyè láti mú un, tún un ṣe, tẹ̀ ẹ́, kó sì pín in. Ẹ óò ní ìwé NOUN kò dán tó. Òótọ́ ni, àwọn kan nínú rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe. Àtúnṣe náà ni àṣẹ ọ̀hún fàyè gbà. Bàbá Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti ṣe ààrẹ, ó sì gboyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní 2018. Ìwé tí ààrẹ àná kà, ọmọ ọdún kìíní náà lè kà á.

Ìlànà tó ti èyí lẹ́yìn kò ṣọ̀wọ́n. Láti 2017 ni Nàìjíríà ti kọ ìlànà OER fún ẹ̀kọ́ gíga. Ní November 2019, gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú UNESCO, tiwa pẹ̀lú wọn, fohùn sí àbá pé kí ìwé tí a bá fi owó ìlú kọ jẹ́ ohun tí ará ìlú lè rí lò láìsí ìdíwọ́. Ohun tó kù ni lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì NUC ní Maitama pé yunifásítì ìjọba kankan kò gbọdọ̀ fi dandan ta ìwé GST mọ́. Lẹ́tà yẹn ni a ń retí.

Ẹ̀sùn kẹta: pé a ń sanwó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Láti 1993 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí ẹ̀kọ́ tí TETFund wá ń pín. Ní 2025, TETFund ya bílíọ̀nù méjì àti mílíọ̀nù ẹgbẹ̀rin náírà sọ́tọ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ rẹ̀. TETFund ń rán olùkọ́ lọ kàwé sí i, ó ń kọ́ ilé ìkàwé, ó tún ní owó fún sísọ iṣẹ́ àfọwọ́kọ olùkọ́ di ìwé. Ìjọba ló ń san owó oṣù ẹni tó kọ ọ́, ọ́fíìsì ìjọba ló jókòó sí tó fi ń kọ ọ́. Nígbà tí ìwé wá délẹ̀, ọmọ ẹni tó san owó orí tún ṣí àpò. Ní South Africa, ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí ilé iṣẹ́ Siyavula ṣe, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni ìjọba tẹ̀ ní 2012 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ̀dà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. Lọ́dún yẹn kan náà, Yunifásítì Rice ní Houston bẹ̀rẹ̀ OpenStax, tó ń ṣe ìwé ọ̀fẹ́. Ìwé físíìsì wà níbẹ̀, kẹ́mísírì wà níbẹ̀, ètò ọrọ̀ ajé wà níbẹ̀. Ìwé wọn lórí ẹ̀yà ara ènìyàn, ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lè wà á sórí fóònù rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Ẹ̀sùn kẹrin kúrú: pé wọn kò parí ilé ìkàwé lásìkò. Ní 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìkàwé àpapọ̀ tó wà ní Central Area fún kọngílá, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ náírà. Kò yẹ kó pé ọdún méjì kó tó parí. Ní September 2025, ìyàwó ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, rọ àwọn tó fẹ́ fún un lẹ́bùn ọjọ́ ìbí ọdún márùndínláàádọ́rin pé kí wọ́n kó owó náà síbẹ̀ kí ilé náà lè parí. Inú rere ni. Ẹ̀rí tí a máa gbé sílẹ̀ fún adájọ́ náà ni.

Ẹ̀sùn karùn-ún: pé ẹ ń jẹ nínú gbèsè ọmọdé. NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń yá wọn ní ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa san án padà. Ká ní kọ́ọ̀sì mẹ́jọ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe ní sáà kan, ká ní handout kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦4,000. Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Owó ìjẹun tó lé ní oṣù kan àti ààbọ̀ ti lọ, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn ọmọ.

A gbọ́ àwíjàre yín, a ò sì ní fi ṣẹ̀sín. Oṣù mẹ́jọ ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, tí ìjọba sì di owó oṣù wọn mọ́lẹ̀. Olùkọ́ tó ní ebi ń pa òun kò purọ́. Bébà wọ́n: nínú ilé iṣẹ́ bébà mẹ́ta tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bbà, Ìwopin àti Oku Iboku, kò sí èyí tó ń fún wa ní bébà ìwé tó tó, dọ́là la sì fi ń ra ti òkè òkun. Ṣùgbọ́n àjọ tó jẹ olùkọ́ lówó kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́. Bí bébà bá sì wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìwé wà lórí fóònù. Àwọn tó ń sọ pé dátà kò sí, wọn kò tíì wọ họ́sítẹ̀lì rí: ẹnì kan á wa PDF sílẹ̀, á fi áàpù Xender fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo yàrá ti ní i. Ẹni tó bá fẹ́ bébà á lọ tẹ orí tó nílò ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà.

Ohun tí a ń bèèrè kò ju mẹ́ta lọ. Kí NUC kó àwọn olùkọ́ GST jọ, kí wọ́n tún ìwé NOUN ṣe, kí wọ́n sanwó iṣẹ́ fún wọn dáadáa, kí GST 111 àti 112 sì di ọ̀fẹ́ kí ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé. Kí ọ̀gá yunifásítì kọ̀ọ̀kan fòfin de ìwé tó ní ojú ewé máàkì. Kí TETFund fi gbólóhùn kan kún lẹ́tà tó fi ń pín owó: ìwé tí a bá fi owó yìí kọ, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa tà á fún akẹ́kọ̀ọ́.