Ẹ Dúró De Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbẹ̀yìn nínú eré máràtọ́ọ̀nù la gbé dé lónìí, a ò sì ní fi abẹ́ ahọ́n sọ ọ́. Ohun tí à ń wí ni pé eré ìje tó bá gba owó lọ́wọ́ gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ dúró de gbogbo èèyàn títí di wákàtí tó dá fún wọn. Bí kò bá lè dúró, kó má gba owó wọn.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa kọ́kọ́ sọ, nítorí ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ. Mẹ́fà ni wá tí a jọ ń sáré nínú ẹ̀ka wa. Bí a bá jáde ní ìdájí, àwọn ọlọ́kadà á ní, "Kí ló ń lé yín?" Àwọn ìyá tó ń lọ sọ́jà á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò sí o?" Kódà, olùkọ́ wa kan pa á lówe fún wa nínú kíláàsì pé ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ló sọ, kò sọ títì. Àwa tí à ń kọ́ èdè ló sì yẹ ká rántí pé sá àti eré ló para pọ̀ di sáré, pé eré tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá àti eré tí à ń fi ẹsẹ̀ sá, bákan náà ni Yorùbá ń pe méjèèjì. Ta ló bi ọmọ tó ń ṣeré òṣùpá pé kí ló ń lé e?

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tójú wa rí. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́rin nínú wa forúkọ sílẹ̀ fún máràtọ́ọ̀nù kan tí a ò ní dárúkọ. A sanwó, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà àti ẹ̀wù, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wákàtí méje ni olúkúlùkù ní láti fi parí. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí ẹni tó gbapò kìíní ti wọlé, tó ti gba ife, tó ti ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò dùn wá rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi gbà á. Ohun tó dùn wá bẹ̀rẹ̀ ní kìlómítà 30. Tábìlì omi tó yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n ti ká a. Ọ̀rá omi tó ti ṣófo ló kún ilẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé kìlómítà 33, dánfó àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá ti gba ojú títì, awakọ̀ kan sì ń fọn fèrè mọ́ ọ̀kan nínú wa pé kó kúrò lọ́nà. Kò tíì pé wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ o! Ìyá kan tó ń ta ọsàn ló bù omi fún wa mu, kò gba kọ́bọ̀. A dé ìlà ìparí lẹ́yìn wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n ti ń tú àgọ́, wọ́n ní mẹ́dàlì ti tán. Mẹ́dàlì tán! Ṣé wọn ò mọ iye èèyàn tó sanwó ni?

Kì í ṣe pé à ń kẹ́ ara wa bà jẹ́. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni máràtọ́ọ̀nù, ìwọ̀n tí wọ́n sá níbi Òlíḿpíìkì London ní 1908 ni. Ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ sábà máa ń fẹ́ tán ní nǹkan bí kìlómítà 30. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń wúwo bí òkúta, tí ọ̀rọ̀ tí èèyàn fẹ́ sọ á máa sọnù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ oòrùn. Ẹni tó fi wákàtí méjì àti díẹ̀ parí, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, aago mẹ́sàn-án ò ní lù kó tó jókòó sábẹ́ àgọ́. Ẹni tó máa fi wákàtí mẹ́fà sá a, oòrùn ọ̀sán gangan ló máa pa á. Ta ló wá nílò omi jù nínú àwọn méjèèjì? Ẹni tí wọ́n ká omi mọ́ lójú ni. Bó bá sì ṣubú ńkọ́? Àwọn nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ wọn ti lọ sílé.

Àwọn elétò á ní àwọn ò lè ti ọ̀nà pa látàárọ̀ dalẹ́. A gbà, aláboyún ń lọ sílé ìwòsàn, oníṣòwò ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ta ló dá wákàtí méje? Bó bá jẹ́ márùn-ún ni ìjọba yọ̀ǹda fún wọn, kí wọ́n kọ márùn-ún sínú ìwé, a ó mọ̀ bóyá ká sanwó tàbí ká jókòó sílé. Kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kan tẹ̀lé ẹni tó kẹ́yìn pátápátá, kó máa kó àwọn tí àkókò ti ré kọjá lórí wọn. Bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀, kí wọ́n gbé tábìlì omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èwo ló le níbẹ̀?

Kò dìgbà tá a bá sọdá òkun ká tó rí àpẹẹrẹ. Ní South Africa, láàárín Durban àti Pietermaritzburg, wọ́n ń sá eré kan tó ń jẹ́ Comrades, nǹkan bíi kìlómítà 90, ó ju máràtọ́ọ̀nù méjì lọ. Ọ̀gbẹ́ni Vic Clapham ló dá a sílẹ̀ ní 1921 láti fi ṣèrántí àwọn ọmọ ogun tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Èèyàn 34 ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, 16 ló parí. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, wákàtí 12 ni wọ́n sì fún wọn. Wákàtí 12 náà ni wọ́n ń dúró. Tí àkókò bá pé, ẹni tó máa yìnbọn ìparí á kẹ̀yìn sí àwọn tó ń sáré bọ̀, kí àánú má bàa ṣe é. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́, kò gba nǹkan kan. Ó le, àmọ́ kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀, èrò sì máa ń dúró títí ìbọn yẹn á fi dún, tí wọ́n ń pariwo fún àwọn tó ń fà wọlé.

Òkè tiẹ̀ tún yàtọ̀. Nígbà tí a lọ sáré gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níwájú wa, a ò tíì gun ọgọ́rùn-ún kan tí gbogbo wa fi ń rìn. Kò sẹ́ni tó fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń fi òkè sísá jẹun pàápàá, rírìn ni wọ́n ń rìn níbi tó bá dà gan-an. (Sísọ̀kalẹ̀ ló sì ń dá itan lóró, kì í ṣe gígùn, ẹ bi wá léèrè lọ́jọ́ kejì.) Ní Buea, ní Cameroon, láti 1973 ni wọ́n ti ń sáré gun òkè tó ga ju 4,000 mítà lọ, tí wọ́n á tún sáré sọ̀ kalẹ̀, ooru ni nísàlẹ̀, òtútù ni lókè. Sarah Etonge gba ipò kìíní àwọn obìnrin níbẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Abiyamọ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ fún ọ̀kan nínú wa pé eré sísá á ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àròyé yín lọ sí Buea.

A ti kọ lẹ́tà sí àwọn elétò máràtọ́ọ̀nù tí à ń wí yìí lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan nínú yín ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń fowó ṣe onígbọ̀wọ́ irú eré báyìí. Ẹ bá wa bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí sọ̀wédowó, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sá a náà sì bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: aago mélòó ni wọ́n máa ká omi?