Ìwé Tí Kò Ní Àpò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí ń dun ọkàn wa, nítorí àwa fúnra wa ni a kọ́kọ́ jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Arábìnrin kan ní Ajégúnlẹ̀ kọ ímeèlì sí wa lórí wàhálà tí ó wà nínú ilé rẹ̀. Ó bẹ̀ wá pé kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe dé etí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìwé rẹ̀ wọlé, a ń ṣe ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ ní Àpápá, fóònù wa sì wà lórí tábìlì. A ti tì í pa, nítorí náà ọkàn wa balẹ̀. Lójijì ni ojú fóònù náà tàn: orúkọ arábìnrin yìí yọ síbẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ohun tí ó kọ. Ẹni tí ó jókòó tì wá kà á. Kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ náà ti rìn títí ó fi padà dé etí ẹni tí ó kọ ọ́. Kò sí olè tí ó jí páswọ́ọ̀dù wa. Àìṣọ́ra tiwa ni. A ti lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò fi í sínú àpò-ìwé, yóò sì lẹ̀ ẹ́ pa. Bí ẹnìkan bá tú u, a ó mọ̀. Ímeèlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Google ti dá Gmail sílẹ̀ ní 2004 ni ẹ̀rọ wọn ti ń yẹ inú ìwé àwọn ènìyàn wò láti fi yan ìpolówó ọjà fún wọn. Ní 2017 ni wọ́n tó kéde pé àwọn yóò dá a dúró. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ewu tí ó súnmọ́ wa jù kò sí ní Amẹ́ríkà. Ó wà lọ́wọ́ ọmọ tí ó ń fi fóònù wa ṣeré, lọ́wọ́ ará ilé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, lọ́wọ́ ẹni tí ń tún fóònù ṣe, àti lọ́wọ́ ẹni tí ó já a gbà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a dí ẹnu ògiri náà.

Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé yín máa hàn lójú fóònù tí ẹ ti tì pa. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Notifications, ẹ tẹ Show Previews, kí ẹ sì yan Never. Lórí Android, ẹ wá Notifications nínú Settings, kí ẹ pa ohun tí wọ́n pè ní sensitive notifications. Ìkọ̀wé rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti orí fóònù kan sí òmíràn.

Èkejì, ẹ fi PIN ti síìmù yín pẹ̀lú, kì í ṣe fóònù nìkan. Olè lè yọ síìmù sínú fóònù mìíràn, kí ó ní òun gbàgbé páswọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí i. Báyìí ni àpótí ìwé yín yóò ṣe di tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé PIN náà o: bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, síìmù náà yóò tì.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó ni wọ́n fi àwòrán kékeré tí ojú kò lè rí sí nínú. Bí ẹ bá ti ṣí ìwé náà, àwòrán yìí yóò sọ fún ẹni tí ó fi ránṣẹ́ pé ẹ ti kà á, àti wákàtí tí ẹ kà á. Nínú Gmail, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Images sí, kí ẹ ní kí wọ́n máa bi yín kí wọ́n tó fi àwòrán hàn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá yá fóònù ẹlòmíràn lò, ẹ jáde pátápátá nínú ímeèlì yín kí ẹ tó dá a padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ta tiyín, ẹ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́.

Nísinsìnyí, ìpamọ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìpamọ́ orúkọ. Arákùnrin kan lè máa ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, kí ó rí i pé wọ́n ń jí ẹrù ẹlẹ́rù, kí ó fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó máa bẹ̀rù ìyà tí yóò jẹ àwọn ọmọ rẹ̀ bí iṣẹ́ bá bọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe lo ímeèlì tàbí fóònù ibi iṣẹ́. Kí ó ṣí àdírẹ́sì tuntun tí kò ní orúkọ rẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ tàbí ọdún ìbí rẹ̀ nínú. Kí ó má ṣe so ó mọ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, nítorí láti Oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí olúkúlùkù so síìmù pọ̀ mọ́ NIN. Nọ́ńbà yín ti di orúkọ yín.

Síbẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè pa ènìyàn mọ́ tán. Proton, tí ó wà ní Switzerland, a máa ti ìwé pa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn fúnra wọn kò lè ka inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2021, òfin ilẹ̀ wọn fi ipá mú wọn láti fi àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ẹnìkan tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé ń wá lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìwé pamọ́, ẹni tí ó kọ ọ́ kò pamọ́. Bákan náà, bí ó bá jẹ́ pé ẹni méjì péré ni ó mọ ọ̀ràn kan, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti dárúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó kọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àwọn tí ó ní ohun búburú nìkan ni ó ń pa nǹkan mọ́. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ́ni pé kí a ti ìlẹ̀kùn bí a bá fẹ́ gbàdúrà. Apá 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 dáàbò bo ìwé tí a ń kọ síra wa, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ìgbàgbọ́ ènìyàn mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Ìjọ kò yọ sílẹ̀ nínú èyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, àti àwa olùṣọ́-àgùntàn, ẹ jẹ́ kí a mú fóònù wa jáde lónìí kí a tún un tò. Kì í ṣe àṣírí tiwa nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àṣírí ẹni tí ó fi ọkàn tán wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí Olúwa kí ó fi ìṣọ́ sí ẹnu wa àti sí ọwọ́ wa. Àmín.